Gáàsì nílé iṣẹ́: kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọmọ náà nìkan ni iná jó?

Ìyá Búrẹ́dì Ọ̀dà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni oorun ò ti kùn mí mọ́, mo ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín. Mo ní ilé búrẹ́dì kékeré kan lọ́nà Ọ̀dà níbí, l'Ákùúrẹ́. Igi la fi ń yan búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èéfín fẹ́ fọ́ wa lójú, mo yáwó ẹgbẹ́, mo yí sí gáàsì. Sìlíńdà oníkílò 50 méjì ni mò ń lò. Inú yàrá tí ààrò wà ni mo tò wọ́n sí, lẹ́yìn fìrísà, nítorí olè.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó ní òun gbóòórùn gáàsì, àmọ́ òun rò pé ti alẹ́ àná ló ṣẹ́ kù. Kò ṣáná, kò tan gílóòbù. Bó ṣe na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ ni NEPA mú iná dé. Fìrísà dún kẹ́, iná bá ń sáré lórí ilẹ̀. Ó ní bí ìgbà téèyàn da omi sílẹ̀ ni iná náà ṣe ń lọ, ó sì ń tàn bíi aró. Kó tó sá jáde, ó ti jó o lẹ́sẹ̀ méjèèjì dé orúnkún, ó jó ọwọ́ tó fi fẹ́ mú ìgbálẹ̀. Ojú rẹ̀, àyà rẹ̀, irun orí rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ la rí i pé eku ti jẹ rọ́bà gáàsì lábẹ́ tábìlì. Àwa náà ò sì ti ẹnu sìlíńdà lálẹ́, bọ́tìnnì ààrò nìkan la yí pa.

Ìyá ọmọ yìí ló fà á lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ nìkan ló jó. Mo tún fẹ́ mọ òfin tí mo lè gbé kalẹ̀ fún èmi àti àwọn márùn-ún tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ká tó dé orí gáàsì, ẹsẹ̀ ọmọ náà ńkọ́? Kí lẹ kọ́kọ́ fi sí i?

Ìyá Búrẹ́dì Ọ̀dà
Omi la kọ́kọ́ dà sí i. Lẹ́yìn náà aládùúgbò kan fọ́ ẹyin tútù sí i lára. A ti gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti wẹ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n ń dì í. Wọ́n ní yóò san.

Nọ́ọ̀sì Alágbàká
A dúpẹ́. Omi yẹn ló ṣe é lóore. Ibi tí iná bá jó, ẹ gbé e sábẹ́ omi tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Omi lásán, kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ibẹ̀ tó wú. Bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á, ẹ gé etí rẹ̀ yíká. Kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tàbí nayílọ́ọ̀nù tó mọ́ bò ó, ó di ilé ìwòsàn. Ẹyin tútù, ọṣẹ ìfọyín, epo pupa, ẹ̀kọ tútù, gbogbo wọn ń gbé kòkòrò wọnú ọgbẹ́ ni. Àwa la sì máa ń há a kúrò lójú egbò, ìrora ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àwọn tó ń rọ gáàsì, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Bí gáàsì tó ṣì jẹ́ omi bá ta sí yín lára, òtútù rẹ̀ máa ń jó ẹran ara bí iná. Ibẹ̀ á funfun, á le. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má yáná sí i. Inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ rì í sí.

Ọmọ Pọ́ńpù
Orí ló kó ọmọ náà yọ, mà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń rọ gáàsì lójú ọ̀nà tó lọ sí Iléṣà. Ohun tí ọmọ yẹn fojú rí gan-an ni gáàsì ń ṣe.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Própéènì àti bútéènì ló wà nínú rẹ̀. Própéènì wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà kan àbọ̀, bútéènì tó o lọ́nà méjì. Bó bá ti jò, ilẹ̀ ló ń wá. Á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, á máa wọ́ lọ síbi tó bá rẹlẹ̀: gọ́tà, kòtò, abẹ́ ilẹ̀kùn, ilé aládùúgbò. Ní òru ọjọ́ yẹn ó ti kún yàrá yín bí àgbàrá, ó sì ti mu ọmọ náà dé orúnkún kí fìrísà tó ṣáná sí i. Ká ní ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú ìgbálẹ̀ tán, ojú rẹ̀ ni ì bá kàn.

Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹnu gáàsì bá wà ní títì, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀ ní yàrá yẹn. Ẹ wo ibi tí omi gbà, ẹ wo ibi tó dúró sí. Ibẹ̀ náà ni gáàsì yóò gbà, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí. Fèrèsé tó wà lókè kò lè lé e jáde. Ihò tó wà nísàlẹ̀ ògiri, tó ṣí síta, òun ló lè lé e.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín. Ká ní yàrá náà jẹ́ mítà 3 ní gígùn, 3 ní fífẹ̀, 3 ní gíga. Bí gáàsì bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó ti lè gbiná. Gáàsì tó lè kún un dé ìwọ̀n yẹn kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, ẹ sì rántí pé 50 ni sìlíńdà yín gbà. Bó ṣe máa ń kó jọ sílẹ̀ yìí, èyí tó kéré sí kílò kan gan-an lè ṣe iṣẹ́ ibi. Omi gáàsì lítà kan, bó bá jáde di afẹ́fẹ́, ó tó nǹkan bí lítà 250.

Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn kankan. Èyí tí a ń gbọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kó lè ta wá lólobó. Imú sì máa ń mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú yàrá lè má gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìta ló máa ń gbọ́ ọ dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹni yẹn la sì gbọ́dọ̀ gbà.

Ọmọ Pọ́ńpù
Ẹ má bínú, ó ku ọ̀kan tó ń dùn mí.

Ẹ̀yin ìyá wa, gáàsì kì í ṣe gàárì. Kò sí ọjọ́ tí mi ò ní gbọ́ "ọmọ mi, fi èènì sí i." Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní mo ya ahun, wọ́n á gbé sìlíńdà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀ ni pé àyè tó ṣẹ́ kù nínú sìlíńdà, ààbò ni. Omi gáàsì kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí oòrùn bá mú un, omi náà á wú, àyè yẹn ló máa ń wú sí. Bí a bá ti fi èènì dí àyè náà, tẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn oṣù Kẹta, kò sí ibi tí yóò wú sí mọ́. Bí fáàfù ààbò bá wà lórí rẹ̀, gáàsì á máa tú jáde nínú ọkọ̀. Bí kò bá sí, tàbí tó ti dí, irin ló máa ya. Ẹni tó bá fún yín ní èènì gáàsì kò fẹ́ràn yín.

Lọ́rùn sìlíńdà, wọ́n kọ TW, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i. Ìwọ̀n irin náà nígbà tó ṣófo nìyẹn. Bí TW bá jẹ́ 13.2, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kílò 12.5, orí 25.7 ni òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí gáàsì díẹ̀ bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, 25.7 náà ni ká rọ ọ́ dé. Bí ìpata bá ti jẹ nọ́ńbà yẹn débi pé kò ṣe é kà mọ́, èmi kì í rọ sìlíńdà náà.

Ọmọ Ìjọ̀kà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Èènì táwọn èèyàn ń bèèrè, ìdí kan ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ wa jẹ jù. Mo ra kílò 12.5 rí, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n oníresì kan lọ́jà, kílò 10 àti díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Pọ́ńpù
O ò purọ́, àbúrò, ó sì ń bà wá lórúkọ jẹ́. Kí òṣùwọ̀n wà níbi tí ojú oníbàárà ti lè tó o, kí o ka TW fúnra rẹ, kí o ro ó pọ̀. Bí kò bá pé, ní kí wọ́n rọ ọ́ kó pé. Ẹ̀tọ́ rẹ nìyẹn, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú èènì.

Bàbá Panapaná
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panapaná. Ìyá Búrẹ́dì, ẹ ní ọmọ náà gbóòórùn. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Màá padà sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbóòórùn gáàsì ní ìdájí, kó má wọlé. Kó má tan iná, kó má sì pa èyí tó ń tàn, torí pípa náà máa ń ṣá iná bíńtín tí ojú kì í rí. Kó má fi fóònù pè níbẹ̀, kó má tan tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kadà tó gbé e wá, kó má tan án lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, kó padà síta, kó dúró níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, tí ilẹ̀ sì ga díẹ̀. Bí ẹnu sìlíńdà bá wà níta, kó tì í. Bí búrékà iná bá wà níta, tó jìnnà sí òórùn náà, kó já a, kí NEPA tó mú iná dé. Kò yẹ ká gbàgbé èyí níbí, torí a kì í mọ ìgbà tí iná ń bọ̀. Fìrísà, fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, gbogbo wọn ló máa ń tan ara wọn.

Kó wá pe 112 láti òkèèrè. Kó kìlọ̀ fún àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ òkè, pàápàá ìyá alákàrà tó ti dáná sẹ́bàá gọ́tà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, iná orí ààrò aládùúgbò ló máa ń mú gáàsì tó ti tọ gọ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á wá tọ ipasẹ̀ gáàsì náà padà wá sílé.

Bí iná bá ti mú lẹ́nu sìlíńdà ńkọ́? Bí ọwọ́ bá tó fáàfù, aṣọ tútù tó nípọn ni kí ẹ fi dáàbò bo ọwọ́, kí ẹ tì í. Bí ọwọ́ kò bá tó o, ẹ má pa iná náà. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún yín láti gbà. Bí ẹ bá pa á tí gáàsì ṣì ń jáde, ẹ ti sọ iná tí gbogbo ayé ń rí di gáàsì tí ẹnì kan kò rí, yóò sì wá iná mìíràn lọ. Ẹ dúró lókèèrè, ẹ máa da omi sí ara sìlíńdà kó má bàa gbóná. Bí iná bá wá ń lá ara irin náà fúnra rẹ̀, ẹ fi dúkìá sílẹ̀, kí gbogbo yín sá.

Agolo ìpaná oníyẹ̀fun ni kí ẹ rà. Ẹ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, torí ẹni tó ń sá iná kì í rìn padà sínú iná láti lọ mú un. Lóṣooṣù, ẹ wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ bóyá ó ṣì wà lójú àwọ̀ ewé, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ díẹ̀ kí yẹ̀fun inú rẹ̀ má bàa dì.

Mo ti padà dé. Ọmọ yín gbóòórùn, ó sì wọlé. Kí ló dé? Ẹ má dá mi lóhùn níbí bí ẹ kò bá fẹ́, àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè.

Wẹ́dà Òǹdó
Mo kí Bàbá. Yába ni mo wà nílùú Òǹdó. Ọ̀rọ̀ tèmi kò jìnnà sí èyí.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, oníbàárà kan gbé dúrọ́ọ̀mù wá ká gé orí rẹ̀ kó lè máa fi pọn omi. Epo bẹntiróò ló ti wà nínú rẹ̀ rí. Ó ní òun ti fi Omo fọ̀ ọ́, òun sì ti sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá mi gbóòórùn rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi iná kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù kejì la ti lọ gbé orí dúrọ́ọ̀mù náà. Ọ̀gá mi kò kú, àmọ́ etí rẹ̀ kan kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Táǹkì tó ṣófo le ju èyí tó kún lọ. Èyí tó kún, omi epo ló wà nínú rẹ̀, omi epo kọ́ ló ń bú. Èyí tó ṣófo, oru epo àti afẹ́fẹ́ ló pàdé nínú rẹ̀. Ìpata àti ojú ìdè inú irin máa ń mu epo pamọ́. Bí iná bá kàn án, á tún yọ jáde. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá gbé táǹkì ọkọ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù wá bá mi, mo máa ń ṣí gbogbo ihò rẹ̀, mo máa ń bu omi kún un títí dé abẹ́ ibi tí mo fẹ́ jó. Bí omi kò bá ṣeé bù sí i, mo dá a padà. Sìlíńdà gáàsì ní tirẹ̀, èmi kì í fi iná kàn án láé, ì báà jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń lo kábáìdì: asẹtilíìnì, gáàsì tó ń jáde lára kábáìdì, kì í fẹ́ agbára púpọ̀. Bó bá ti kọjá psi 15 lójú géèjì, ó lè bú fúnra rẹ̀ láìsí iná. Ẹ sì má jẹ́ kí girisi tàbí epo kan ẹnu ọ́síjìn, ì báà ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ ni.

Ọmọ Ìjọ̀kà
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní kéèyàn máa ṣá ìṣáná sẹ́bàá rọ́bà láti mọ ibi tó ń jò. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Pọ́ńpù
Rárá o! Ọṣẹ ìfọṣọ pò mọ́ omi kó hó, fi kànrìnkàn pa á sẹ́nu fáàfù, sára rọ́bà, síbi kílíìpù. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ló ń jò. Ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ sìlíńdà ni kí ẹ máa ṣe é, gbogbo ìgbà. Rọ́bà tó bá ti ń sán, tó le, tàbí tí eku ti fẹnu kàn, ẹ má fi téèpù dì í. Ẹ ra tuntun.

Awakọ̀ Táńkà
Mo ń gbé gáàsì láti Èkó wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó ní ilé gáàsì sọ̀rọ̀, torí òfin tí ilé búrẹ́dì nílò, àwọn nílò rẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2015, ní Nnewi, àwọn èèyàn tò síbi tí wọ́n ti fẹ́ ra gáàsì ọdún Kérésìmesì. Ọkọ̀ ń já gáàsì sí táǹkì lọ́wọ́. Iná sọ, èèyàn púpọ̀ kú. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2018, ní Lafia, ọkọ̀ tún ń já gáàsì lọ́wọ́ nígbà tí iná sọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ilé gáàsì tí mo bá àwọn oníbàárà níbẹ̀, èmi kì í já ẹrù. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta rí nítorí pé máníjà ní ọjà kò gbọdọ̀ dúró. Ó bú mi. Mo jẹ́ kó bú mi.

Bó ṣe yẹ kó lọ rèé. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi igi dí táyà. Wáyà ìdè sínú ilẹ̀ la kọ́kọ́ ń so mọ́ ara ọkọ̀ kí họ́ọ̀sì tó kàn án, torí gáàsì tó ń sáré nínú páìpù máa ń bí iná mànàmáná tirẹ̀. Òun náà la ń tú kẹ́yìn. Títà dúró, géètì tì, èmi àti òṣìṣẹ́ kan dúró ti fáàfù títí tó fi tán. A kì í lọ jẹun, a kì í sùn. Ọ̀rọ̀ ìdá 80 tí àbúrò mi sọ lókè, táǹkì ńlá náà ń tẹ̀ lé e. Máníjà tó bá ní kí n fún un kọjá bẹ́ẹ̀ ń bèèrè èènì ni òun náà.

Jẹnẹrétọ̀ Arákalẹ̀
Èmi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Láti ìgbà tí owó epo ti gbówó lórí ní 2023, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá kí n yí i sí gáàsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: CNG, ìyẹn gáàsì àdáyébá tí wọ́n fún pọ̀, àti gáàsì ìdáná kì í ṣe ohun kan náà. Agbára gáàsì ìdáná nínú sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bar 5 sí 10. CNG máa ń wà ní nǹkan bíi 200. Ẹni tó bá rọ CNG sínú sìlíńdà gáàsì ìdáná ń gbé bọ́ǹbù rìn. Ní oṣù Kẹwàá 2024, sìlíńdà kan bú ní Benin níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sọ́kọ̀. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG fún ìjọba àpapọ̀ ní wẹ́dà ló fọwọ́ kàn án, kò yẹ fún iṣẹ́ yẹn. CNG sì fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń lọ, nítorí náà ihò ìsàlẹ̀ nìkan kò tó fún ibi tí wọ́n bá ti ń lò ó.

Èyí tó bá ń lo epo bẹntiróò, ẹ pa á kó tutù kí ẹ tó bu epo sí i. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ sùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó tán.

Agbẹjọ́rò Ọba Adésidà
Ìyá Búrẹ́dì, ohun tí èmi fẹ́ fi kún un kò dùn ún gbọ́, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀san òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa, àjọ náà ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń san ẹ̀san. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti kọ̀wé sí àjọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké l'Ákùúrẹ́ ni kò forúkọ sílẹ̀. Ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí tó ṣì wà lọ́kàn yín.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ilé gáàsì tó wà nítòsí òun ní ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó títà epo àti gáàsì, ni kó ti bèèrè. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 ló dá wọn sílẹ̀.

Ìyá Búrẹ́dì Ọ̀dà
Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún un kà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mo da omi náà sílẹ̀ bí Ọmọ Pọ́ńpù ṣe wí. Kò ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe rò. Ó yí padà, ó gba abẹ́ tábìlì, ó kó jọ sídìí fìrísà gan-an. Mo dúró, mo ń wò ó, ara mi ń gbọ̀n.

Sìlíńdà ti kúrò nínú ilé. Wẹ́dà ti bá mi fi irin onínẹ́ẹ̀tì ṣe ilé fún wọn lẹ́yìn ògiri, páànù ló fi bò ó lórí nítorí oòrùn, atẹ́gùn ń wọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Páìpù irin ló gba inú ògiri wọlé dípò rọ́bà. Mo kùn ibì kan lára ògiri ní dúdú, a ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹni tó ti ẹnu sìlíńdà sí i lálálẹ́. Fìrísà ti lọ sí yàrá kejì.

Bàbá Panapaná, mo bi ọmọ náà léèrè lórí ibùsùn rẹ̀. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó wá ní lóṣù tó kọjá, òun gbóòórùn gáàsì lọ́jọ́ kan, òun dúró síta títí mo fi dé, mo sì pariwo mọ́ òun pé ó ti sọ ìyẹ̀fun tí a pò di kíkan, pé ọ̀lẹ ni òun. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ ìyá rẹ̀. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá gbóòórùn kó dúró síta, owó ọjọ́ rẹ̀ pé, ì báà jẹ́ pé imú rẹ̀ ló tàn án, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Ẹni tó kéré jù nínú wọn bi mí bóyá òun náà lè ní kí èmi má wọlé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku nǹkan kan. Mo fẹ́ lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri bí ẹ ṣe wí, àmọ́ gọ́tà àdúgbò gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá. Ṣé kí n lù ú síbẹ̀?

Ọmọ Pọ́ńpù
Ẹ má lù ú sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, mà. Gọ́tà ló máa gbé e lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ògiri kejì ńkọ́, èyí tó kọjú sí àgbàlá?

Ìyá Búrẹ́dì Ọ̀dà
Ìyẹn dára, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sẹ́ni tó ń dáná níbẹ̀. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́la.

Ọmọ Pọ́ńpù
Ihò méjì ni kó lù sí ògiri àgbàlá yẹn, ọ̀kan ní igun kan, ọ̀kan ní igun kejì, kó sún mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Kó fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí i nítorí eku.